Ilẹ̀ Kan, Ìwé Méjì: Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Níbi Ìpàdé Gbogbogbòò

   

Ìròyìn ẹgbẹ́ ò pọ̀ lónìí. Owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, akápò máa ka ìṣirò fún yín kí a tó túká. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbálẹ̀ ọjà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ ká fi àsìkò tó kù sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, torí òun ló ń pín ẹbí níyà láàárín wa: ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ṣé ẹ rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀? Àlejò á mú obì lọ bá baálé, á ní òun ń wá ibi tí òun á gbin iṣu sí. Wọ́n á mú un lọ sóko, wọ́n á fi igi hàn án, wọ́n á fi òkúta hàn án: ibi báyìí ni kó o dé. Tí ilẹ̀ bá ti ṣá, á kó lọ síwájú, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ohun kan ni wọn kì í gbà fún un: kò gbọdọ̀ gbin igi. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó gbin iṣu, ó máa wà á, á sì lọ. Ẹni tó gbin igi ti jókòó.

Kajú ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Igi kajú lè lé ní ogún ọdún lórí ilẹ̀, ọdọọdún ló sì ń mú owó wá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba ò gbà kí wọ́n kó kajú tí wọn ò tíì fọ́ jáde ní Bẹ̀nẹ̀ mọ́. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Glo-Djigbé àti àwọn mìíràn nílé ni wọ́n fẹ́ kó máa fọ́ ọ. Torí náà, ojú àwọn èèyàn wà lára oko kajú. Ẹni tí baba wa yá nílẹ̀ fún iṣu, ọmọ rẹ̀ ti gbin kajú síbẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ ti Cotonou tàbí Parakou dé, ó ní ilẹ̀ baba òun ni. Ọmọ ẹni tó gbin igi ní ta ló ro oko yìí? Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́. Àwọn tó mọ òkúta tí a fi pààlà ti kú.

Ibi tó tún ti burú ni títà. Ọmọ kan nínú ẹbí á ta ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní gbọ́. Nígbà tó bá yá, ẹlòmíì nínú ẹbí kan náà á tún un tà. Ilẹ̀ kan, ìwé méjì, òǹtẹ̀ méjì. Ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwa tí a jókòó síwájú yìí ti ṣe ẹlẹ́rìí sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e wá bá wa nílé, a fọwọ́ sí i. A ò dé oko, a ò rí ààlà, a ò bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí léèrè. A jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Òfin wà. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 ni òfin ilẹ̀ jáde, wọ́n tún un ṣe ní 2017. Òfin yẹn ò sọ pé ilẹ̀ ẹbí ti di ti ìjọba. Ó ní kí ẹni tó jogún ilẹ̀ jẹ́ kó hàn nínú ìwé. Ìwé náà ni wọ́n ń pè ní ADC, ẹ̀rí pé ẹbí báyìí ló ni ilẹ̀ báyìí gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kí wọ́n tó fún ni, wọ́n á ṣe ìwádìí ní gbangba; ẹni tó bá ní awuyewuye á sọ ọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ìwé náà wà: gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Òfin kan náà ní kí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wà lábúlé, tí wọ́n ń pè ní SVGF, kí òmíràn sì wà ní kòmúùnù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà 2 lọ títí dé 20, ìgbìmọ̀ kòmúùnù gbọ́dọ̀ gbà fún un, kó sì sọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe. Tó bá ju 20 lọ, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lókè. Torí náà, bí ẹnì kan bá ní òun ti ra hẹ́kítà 50 lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lábẹ́ igi, ẹ bi í pé ta ló fún un láṣẹ.

Ẹ̀yin ìyá wa, a gbọ́ ohùn yín. Òfin ẹbí ti ọdún 2004 ní ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. A mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ ọ́ nínú agbo ilé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí a yọ orúkọ rẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ ló máa pe ẹbí lẹ́jọ́ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe láti lé ẹnikẹ́ni o. Nàgó, Anii, Kotokoli, Lokpa, Fúlàní, gbogbo wa la jọ ń jẹ ní kòmúùnù Bassila. Ẹni tó ti ń dáko láàárín wa fún ogún ọdún, kì í ṣe àlejò mọ́. Ìwé á dáàbò bo òun náà. Ẹ má sì ta ọ̀nà màlúù, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta la wá bẹ̀ yín fún. Àkọ́kọ́, kí iṣu tuntun tó wọlẹ̀, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan rin ààlà rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà tó ṣì wà láàyè. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, kí wọ́n ya fọ́tò, kí aládùúgbò méjèèjì wà níbẹ̀. Ìkejì, bí ẹ bá yá ènìyàn nílẹ̀, ẹ kọ ọ́: ta ni, títí dìgbà wo, ṣé ó lè gbin igi àbí kò lè gbìn ín. Ìkẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ADC. Akọ̀wé ẹgbẹ́ á máa bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ ìwé, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilé Aṣòfin ti ṣe òfin oyè ìbílẹ̀ ní 2025. Ọlá ni, ẹrù náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ilẹ̀ mọ́ àfi bí olórí ẹbí, obìnrin ilé, aládùúgbò oko àti ìgbìmọ̀ abúlé bá wà níjòókòó. Àwa náà ti pinnu: ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe ẹlẹ́rìí láìdé oko, a máa yọ ọ́ nípò.

Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò, ẹ bi í: SVGF abúlé wa dà? Ọjọ́ wo ló jókòó kẹ́yìn? Ẹ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ kí ẹ tó jẹ obì rẹ̀.

Ààlà tó pín àwa àti àwọn ará wa ní Kambolé ní Tógò, àwọn mìíràn ló fà á, wọn ò bi wá. Ààlà oko wa, àwa fúnra wa la máa fà á, lójú ara wa, kí àwọn ọmọ wa má bàa fi àdá fà á. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é. Àmín.