Ibi tí ó yẹ kí a gbé iná igi kalẹ̀ nínú ilé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní. Bóyá ọ̀rọ̀ ìwé ni ẹ ń retí. Ọ̀rọ̀ ààrò ni a mú wá.

Láti ìgbà tí owó gáàsì àti kẹrosíìnì ti ga ju agbára ọ̀pọ̀ ilé lọ, àwọn tí ó ti kọ igi ìdáná sílẹ̀ tún padà sí i. A kò bá wọn wí, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa àtijọ́ ni ó ń dáná ní àgbàlá tàbí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí èéfín ti ń rí ọ̀nà lọ. Àwa ń gbé iná wọ inú yàrá tí ó ní àjà lókè àti fèrèsé kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó dáná igi lábẹ́ àjà pákó láìwọn ibi tí ó gbé e kalẹ̀ sí, orí òrùlé ni ó fi í sí.

Àwa pàápàá ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí a kọ́ ilé ìdáná fún àwọn tí ń se oúnjẹ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ibi tí ó súnmọ́ kànga ni a wò, a kò wo afẹ́fẹ́. Bí òjò ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo èéfín wọ inú kíláàsì. Àwọn ọmọ ń wúkọ́, ojú wọn ń ṣomi, àwa sì ń bá wọn wí pé wọn kò fi ọkàn sí ẹ̀kọ́. Ó tó oṣù 2 kí ó tó yé wa pé àwa gan-an ni ìbáwí tọ́ sí. A wó o, a sì tún un kọ́ sí ibòmíràn.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ohun mẹ́ta náà ni iná igi fẹ́.

Èkínní ni ìhà tí ó wà. Ní ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ti ọyẹ́ sì ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn. Kí ilé ìdáná má ṣe wà ní ìhà méjèèjì yìí sí yàrá tí a ń sùn.

Èkejì ni àyè tí ó yí i ká. Kí a mọ àdògán sórí amọ̀ tàbí bíríkì, kí ó ga dé ìbàdí, kí ọmọ tí ń rákò má ba à dé ibẹ̀. Kí pákó, ẹní, aṣọ fèrèsé àti ìtì igi jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán. Kí garawa yanrìn wà nítòsí. Kí kẹrosíìnì má ṣe sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà èéfín. Bí iná bá wà nínú ilé, ó di dandan kí ọ̀pá èéfín wà. Kí ó yọ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 3 níbi tí ó ti jáde lórí òrùlé, kí ó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 ga ju ohunkóhun tí ó wà láàrin ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i. Kí ó má ṣe kan igi àjà tàbí igi òrùlé. Kí a máa gbọ́n dúdú tí èéfín lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, nítorí òun náà a máa gbiná. Igi gbígbẹ ni kí a sì máa dá; igi tútù ní èéfín púpọ̀.

Ewu kan wà tí ojú kò rí. Iná igi àti ti èédú a máa mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìkòkò èédú wọ yàrá sùn nítorí òtútù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2, àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn lé ní 237,000.

Ẹ̀yin ará Lọndọnu mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú bo ìlú náà fún ọjọ́ 5, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ní 1956 ni wọ́n fi òfin dè é. Láti 2010, ẹni tí ó bá ri sítóòfù onígi mọ́ ilé rẹ̀ ní England gbọ́dọ̀ fi aago tí ń kéde afẹ́fẹ́ olóró náà sí inú yàrá kan náà.

Ẹ̀yin tí ń fi owó kọ́lé ránṣẹ́ sílé, ẹ má ṣe béèrè iye búlọ́ọ̀kù nìkan. Ẹ bi bíríkìlà pé: níbo ni èéfín yóò gbà? Ìyá yín ni yóò jókòó ti iná náà. Kí iná ilé wa máa se oúnjẹ wa, kí ó má ṣe jó wa.