Ìyá Olómi Gáréèjì Kọ́ Mi Níṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Dókítà Níbi Ìpàdé Wa ní Ọ̀fà Garage



Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọmọdé ni mí. Ní wọ́ọ̀dù, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń wo ibà, gìrì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá kan tó ń ta omi ní gáréèjì yìí ló kọ́ mi ní ìyókù. Ọjọ́ kẹta tí ọmọ rẹ̀ ti ń yàgbẹ́ ló tó gbé e wá, ojú ọmọ ti jìn. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ báyìí?" Ó ní, "Dókítà, bí mi ò bá tajà lónìí, kí la ó jẹ?" Mi ò rí èsì fọ̀. A dúpẹ́, ọmọ yè.

Lọ́dún 1956, Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí wọ́ọ̀dù nìkan; ó tọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ, ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì ìwọ̀n náà. Káàdì yẹn ti káàkiri ayé.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ìjọba ọ̀fẹ́ ni, owó ọkọ̀ ni kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ bá wa gbé ìyá tó bá mú káàdì dání. Ẹgbẹ́ wa, ẹ wá ṣọ́ọ̀bù kan níbí tí a ó ti máa wọn ọmọ lóṣooṣù. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, ẹ fún un ní ORS àti zinc, ẹ má dá ọmú dúró. Bójú bá ti jìn, ẹ má dúró dọjà o.