Iṣẹ́ Ìsìn ti Ọkàn: Ohun tí Àdúrà Jẹ́ lójú Àwọn Júù



Orúkọ tí a fi ń pe àjọyọ̀ wa, Júbílì, ọ̀rọ̀ Hébérù ni ó ti wá: yobel, èyíinì ni ìwo àgbò tí a ń fọn. Lọ́wọ́ àwọn Júù ni a ti rí i gbà. Ó tọ́ nígbà náà kí a bi wọ́n léèrè ohun tí àdúrà jẹ́ lójú tiwọn. Èyí kò ṣàjèjì sí ìgbàgbọ́ wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1965, Àpéjọ Vatican Kejì rán gbogbo ìjọ létí, nínú ìwé Nostra Aetate, pé láti ara gbòǹgbò Ísírẹ́lì ni ìjọ ti ń rí oúnjẹ jẹ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1986, Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì wọ ilé àdúrà ńlá àwọn Júù ní Róòmù, ó sì pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n wa. Júù ni Olúwa wa, Júù ni Màríà ìyá rẹ̀, ilé àdúrà Násárẹ́tì ni ó sì máa ń lọ ní ọjọ́ ìsinmi.

Láti ìgbà láéláé ni Ísírẹ́lì ti ń gbàdúrà. Dáníẹ́lì a máa kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹbọ àárọ̀ àti ti ọ̀sán nínú Tẹ́ḿpìlì ni olórí ìsìn wọn. Ní ọdún 70, àwọn ọmọ ogun Róòmù tí Titus darí dáná sun Tẹ́ḿpìlì náà. Pẹpẹ kò sí mọ́, ẹbọ sì dópin. Ìgbàgbọ́ wọn kò kú. Àwọn olùkọ́ wọn yẹ àṣẹ Mósè wò, pé kí a fi gbogbo ọkàn sin Ọlọ́run. Wọ́n béèrè: ìsìn wo ni ọkàn ń ṣe? Wọ́n dáhùn pé àdúrà ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní iṣẹ́ ìsìn ti ọkàn. Wákàtí ẹbọ di wákàtí àdúrà, ti alẹ́ sì tẹ̀ lé e. Àdúrà òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ tí ìjọ wa ń gbà, pẹ̀lú àwọn Sáàmù rẹ̀, ìbátan rẹ̀ ni.

Ohun kìn-ín-ní tí a rí kọ́ ni pé etí ni àdúrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí Júù ń kà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ ni Ṣemá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Gbọ́”. Kí Ísírẹ́lì tó tọrọ ohunkóhun, ó kọ́kọ́ dákẹ́ láti gbọ́ pé Olúwa kan ṣoṣo ni Ọlọ́run rẹ̀. Wọ́n a kọ ọ̀rọ̀ náà sára òpó ilẹ̀kùn, wọn a sì fi kọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n bá jókòó nínú ilé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí kò bá sí àdúrà lẹ́nu bàbá àti ìyá nínú ilé, katikísì kò lè fi wákàtí kan ní ọjọ́ Ìsinmi dí àlàfo náà.

Èkejì ni pé ẹni tí ń gbàdúrà ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ Hébérù fún gbígbàdúrà ni hitpallel. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wọn sì ṣàlàyé pé inú rẹ̀ ni ìtumọ̀ dídá ara ẹni lẹ́jọ́ wà. Nígbà tí àwa bá gbọ́ “àdúrà”, ìtọrọ ni ọkàn wa ń sáré sí. Wọ́n ń tọrọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tí wọ́n ń tọrọ yẹ kí ó wà lẹ́nu ẹni tí ó dúró níwájú Ọba.

Ẹ̀kẹta ni pé “àwa” ni àdúrà ń wí. Nínú Àdúrà Ìdúró, tí wọ́n ń gbà ní kíkọjú sí Jerúsálẹ́mù, aláìsàn kì í bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn tirẹ̀ nìkan. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run wo gbogbo wa sàn. Àwọn àdúrà kan tilẹ̀ wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbà láìjẹ́ pé ènìyàn mẹ́wàá péjọ. Àwọn àgbà wọn kọ́ni pé bí ẹnì kan bá ń ti ìrìn àjò bọ̀, tí ó gbọ́ igbe nínú ìlú, tí ó sì gbàdúrà pé kí ó má ṣe jẹ́ ilé òun, àdúrà asán ni. Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà rò ó: bí kì í bá ṣe ilé tèmi, ilé ta ni?

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí wọ́n ń pè ní kavanah, èyíinì ni kí ọkàn kọjú sí ibi tí ẹnu ń sọ̀rọ̀ sí. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Àwọn ẹni mímọ́ ìgbàanì a máa dúró jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Maimonides, oníṣègùn àti olùkọ́ òfin tí ó kú ní Íjíbítì ní ọdún 1204, kọ́ni pé àdúrà tí kò ní kavanah kì í ṣe àdúrà. Lọ́dọ̀ Hánà ni wọ́n sì ti rí àpẹẹrẹ: ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Élì pè é ní ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n Ọlọ́run gbọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìwo àgbò náà. Ìwé Léfítíkù, orí 25, pàṣẹ pé ní ọdún àádọ́ta kí a fọn ìwo, kí ilẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín, kí ẹrú sì gba òmìnira. Ọjọ́ wo ni a ń fọn ún? Ọjọ́ Ètùtù ni, ọjọ́ ààwẹ̀ àti ìrònúpìwàdà. Àwọn olùkọ́ wọn sì là á mọ́lẹ̀ pé Ọjọ́ Ètùtù kì í wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ṣẹ ẹnì kejì rẹ̀ nù, àfi bí ó bá kọ́kọ́ lọ tù ú nínú. Olúwa wa wí irú rẹ̀ nígbà tí ó ní kí a fi ọrẹ wa sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kí a lọ bá arákùnrin wa làjà.

A mọ̀ pé láàárín wa ni àwọn kan wà tí wọ́n ń gba Ara Krístì ní pẹpẹ kan náà, tí wọn kì í kí ara wọn nítorí ààlà ilẹ̀, nítorí ogún, tàbí nítorí oyè nínú ẹgbẹ́. A ti ran aṣọ àjọ̀dún, a ti kun ilé Ọlọ́run. Bí a kò bá tíì kan ilẹ̀kùn ẹni tí a bá ń jà, Júbílì wa kò tíì bẹ̀rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ jẹ́ kí á lọ.

Kí Ọlọ́run Ábráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, Baba Olúwa wa Jésù Krístì, fún wa ní etí tí ń gbọ́ àti ọkàn tí ń sìn. Àmín.