Hóró Oògùn Kì í Ṣe Gúgúrú
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ)

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbò ni ẹ ń retí lẹ́nu mi. Ìyẹn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òkú kì í dìbò, bí àwọn kan tilẹ̀ ń kọ orúkọ òkú sínú ìwé ìdìbò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ìlera.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, arábìnrin kan yọ páálí Augmentin jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi hóró méjì ta ẹni tí ń húkọ́ lọ́rẹ, ó sì fún ẹni tí eyín ń dùn ní méjì. Inú rere ni ó fi ṣe é. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ètè àti ojú ẹni kejì ti wú, kò sì lè mí dáadáa mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tí ó tètè gbé e dé ilé ìwòsàn. Kò sí ẹni tí ó bi í bóyá pẹnisílíìnì kì í bá a lára mu.

Oògùn méjì ni a pò pọ̀ sínú hóró yìí. Amoxicillin, ìbátan pẹnisílíìnì, ni ó ń pa kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn ní èròjà kan tí í já a sí wẹ́wẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fi clavulanic acid tì í lẹ́yìn. Eléyìí kò fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò fúnra rẹ̀; ọwọ́ ọ̀tá ni ó ń dì mú kí ẹnìkejì rẹ̀ lè rí i lù.

Hóró 625 ní amoxicillin 500 mílígíráàmù àti clavulanic acid 125. Hóró 375 ní 250 àti 125. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó gbé hóró 375 méjì mì kò lo 625 kan, ó ti sọ clavulanic acid di 250, ìgbẹ́ gbuuru sì lè mú un. Ẹni tí ń kiri oògùn nínú bọ́ọ̀sì kò ní sọ èyí fún yín.

Dókítà ni kí ó pàṣẹ ìwọ̀n àti iye ọjọ́. Ẹ sọ fún un bí pẹnisílíìnì bá ti yọ yín lẹ́nu rí, bí oògùn yìí bá ti fa ibà pọ́njú fún yín rí, tàbí bí ẹ bá lóyún. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ni kí ẹ lò ó. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ lẹ́yìn náà. Bí ara bá wú, tí èémí kò já gaara, tàbí tí ojú pọ́n bí epo, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í wo ibà, kì í sì í wo ọ̀fìnkìn.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti jẹ̀bi rí: ní ọjọ́ kẹta tí ara yá, mo tọ́jú ìyókù pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílíìnì ní 1928, ti kìlọ̀ ní 1945, nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel, pé oògùn tí kò tó ìwọ̀n ń kọ́ kòkòrò láti borí oògùn náà.

Mo mọ èsì yín: owó dà? Òótọ́ ni. Ní oṣù August 2023 ni GSK, tí ó ni Augmentin, kéde pé òun yóò fi Nàìjíríà sílẹ̀. Owó oògùn náà sì fò sókè. Ẹni tí kò lè ra páálí ra hóró méjì, ayédèrú sì rí ọjà tà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ń béèrè pé kí oògùn gidi wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì máa ṣe é nílé.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú oògùn tí ó wà nílé rẹ̀ wá. A ó pe apòògùn kan kí ó bá wa yẹ nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìparí wọn wò.