Omi Tí A Ń Mu, Afẹ́fẹ́ Tí A Ń Fà Símú
(Ọ̀rọ̀ tí àwa oníṣòwò ẹja àti edé sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní Pọ́tákọ́ọ̀tù)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìfilọ́lẹ̀ yìí wá bá wa pé kí àwa oníṣòwò ẹja àti edé wá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni wọ́n ní kí á sọ. A ní ìṣọ̀kan dára, ṣùgbọ́n gbogbo ìpàdé ni a ti ń sọ ọ́, kò sì tíì sí ẹni tó lòdì sí i. Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ nípa omi àti afẹ́fẹ́ ibi tí a ń gbé, nítorí níbẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Kì í ṣe pé a mọ̀wé púpọ̀. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kà kí wọ́n tó fà wá lé ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ́ òwò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sí bí kò ṣe ní mọ ìgbà tí ara omi kò bá yá.

Nígbà tí àwa kan nínú ẹgbẹ́ yìí kọ́kọ́ dé ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 1988, ìdájí ni a máa ń lọ sí etí omi. Àwọn obìnrin Bodo àti ti Andoni á ti sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ẹja tútù, ẹja gbígbẹ, akàn, edé tí a ń fi àpò dì lọ sí Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìṣáwùrú, tí wọ́n ń pè ní isam níbí, abọ́ ńlá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ènì wọn sì máa ń pọ̀ débi pé ojú á máa ti ẹni tó ń ra á. Lónìí, ọmọ apẹja tí bàbá rẹ̀ ń tà fún wa nígbà náà, ẹja inú yìnyín tó ti òkè òkun wá ni òun náà ń rà lọ sílé láti fi se ọbẹ̀. A rí i pẹ̀lú ojú wa. A bi í léèrè, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹja? Ẹ̀yin ará wa láti Ìlàjẹ mọ igi ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta bí ẹsẹ̀ alántakùn. Abẹ́ gbòǹgbò yẹn ni ẹja ń yé ẹyin sí, ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí kí ẹja ńlá má baà gbé e mì, ara rẹ̀ ni ìṣáwùrú ń so mọ́, abẹ́ rẹ̀ ni akàn ń gbẹ́ ihò sí. Gbòǹgbò náà ni igi fi ń mí. Bí epo rọ̀bì bá dà sómi, tí omi òkun bá gbé e wọlé, tí ó sì tún fà padà, epo á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò wọ̀nyí, á dí ibi tí igi fi ń mí. Igi á kú ní ìdúró. Nígbà tí igi bá kú, ilé ọmọ ẹja ti wó nìyẹn, bí àwọ̀n apẹja tilẹ̀ dára bí ti wúrà, kí ni yóò kó? Lẹ́yìn náà ni ọ̀pẹ nípà á wá gba ibẹ̀. Àlejò ni ọ̀pẹ yìí, àwọn òyìnbó ló mú un wá sí Calabar láti Éṣíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àwọn apẹja sọ fún wa pé ẹja kì í fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹ̀gbà. Àwa náà jẹ́ àlejò níbí, nítorí náà a kò ní bú ọ̀pẹ náà jù.

Ọ̀rọ̀ Bodo ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, ní 1958 sì ni wọ́n rí i ní ilẹ̀ Ògóni. Páìpù ńlá tó ń gbé epo lọ sí Bonny gba àárín wọn kọjá. Ní ọdún 1993 ni ilé iṣẹ́ Shell ti kúrò ní ilẹ̀ Ògóni tí kò wa epo níbẹ̀ mọ́, nítorí ìjà àwọn ará ìlú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995 ni ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní ìlú Pọ́tákọ́ọ̀tù níbí. Àwa tí a wà nílùú lọ́jọ́ náà, a mọ bí ọjà ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí Shell tilẹ̀ lọ, páìpù kò lọ. Ní ọdún 2008, ẹ̀ẹ̀mejì ni páìpù náà bẹ́ ní Bodo láàárín ọdún kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni epo sì fi ń ṣàn kí wọ́n tó dí i. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé ẹ̀bi àwọn ni. Àwọn ará Bodo gbé ẹjọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù kìíní ọdún 2015 sì ni wọ́n fara mọ́ owó pọ́n-ún mílíọ̀nù 55. Mílíọ̀nù 35 nínú rẹ̀ ni wọ́n pín fún apẹja àti àgbẹ̀ bí 15,600, èyí yòókù jẹ́ ti ìlú. Àwọn kan fi owó wọn kọ́lé, àwọn kan ra ọkọ̀. Èyí tí a bá pàdé nínú wọn kò tíì sọ fún wa pé òun fi tirẹ̀ ra ẹja padà sínú odò.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn onímọ̀ wá yẹ ilẹ̀ Ògóni wò, ìwé wọn sì jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ó lé ní igba ibi tí wọ́n yẹ̀ wò. Níbì kan, epo ti rin ilẹ̀ lọ ju mítà márùn-ún lọ. Ní Nisisioken Ogale, kò jìnnà sí wa níbi tí a jókòó sí yìí, wọ́n rí epo tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀, nípọn rẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu níbẹ̀ ní oró bẹ́ńsíìnì, oró tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, ó sì fi ohun tó ju ìlọ́po 900 lọ kọjá ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Wọ́n ní títún ilẹ̀ àti omi náà ṣe lè gba ọdún 25 sí 30. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2016, ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó jẹ́ igbákejì Ààrẹ nígbà náà, ló wá sí Bodo láti ṣí iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ náà. A lọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ fi ọgbọ̀n ọdún kún un, kí ẹ wo iye ọjọ́ orí wa nígbà náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ìyà tó ń jẹ ará oko ìyàwó kò kan ilé wa. Àwọn Ìlàjẹ náà mọ epo tó ba omi wọn jẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ wọn gba orí ibùdó epo Parabe lọ láàárín òkun, wọ́n sì yìnbọn pa méjì nínú wọn. Yorùbá ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á wá kúrò lórí omi, kí á bọ́ sórí afẹ́fẹ́. Láti ìparí ọdún 2016 ni ẹ̀bu èéfín dúdú, tí gbogbo ìlú ń pè ní sóòtì, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé wa lórí. Ẹ rántí rẹ̀. Bí a bá sá aṣọ funfun, dúdú la ó ká a. Bí ọmọ bá rin ilẹ̀ ilé láìwọ bàtà, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bí ìdí ìkòkò. Bí a bá fun imú, dúdú ló ń jáde. Àwa tí a ń sá ẹja síta, a kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rá bò ó, ẹja náà sì ń hu nígbà mìíràn. Ohun tí a ń rí lára aṣọ, ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró wa pẹ̀lú.

Oríṣiríṣi ni ohun tó ń fà á. Gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ ń sun wà níbẹ̀. Òfin ọdún 1979 ti ní kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀ tó bá fi di oṣù kìíní 1984, àyàfi ẹni tó bá gba ìyọ̀ǹda. Táyà tí wọ́n fi ń sun awọ màlúù ní odò ẹran wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni iná àwọn tó ń se epo rọ̀bì nínú igbó ẹ̀gbà, ohun tí wọ́n ń pè ní kpo fire. Wọ́n á fa epo láti inú páìpù, wọ́n á sè é nínú àgbá lórí iná, oruru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, pẹtiróòlù á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà kẹrosíìnì, lẹ́yìn náà dísù. Gbẹ̀dẹ̀gbẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, inú omi ló ń lọ. Bí àwọn agbófinró bá sì mú wọn, wọ́n á tún dáná sun epo náà níbẹ̀, èéfín lórí èéfín. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers gbógun tì wọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, irú ibùdó bẹ́ẹ̀ bẹ́ ní Ohaji-Egbema ní ìpínlẹ̀ Imo, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó jóná.

Wàyí o, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbìyànjú. Ta ló ń ra dísù náà? Àwa ni. Jẹnẹrétọ̀ yìnyín ẹja wa, òun la fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ó fi díẹ̀ dínwó. A mọ̀ ọ́n nígbà tí a ń rà á, nítorí òórùn rẹ̀ yàtọ̀. A ń fi ọwọ́ ọ̀tún sunkún ẹja, a ń fi ọwọ́ òsì san owó fún ẹni tó ń pa á. Kì í sì í ṣe rírà nìkan. Àwọn kan nínú wa ń tà á, a kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìdílé wa wà níbí. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ẹja, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ẹnìkan ní, ṣé àwa àlejò ni a ó wá dá ohun tí onílé kò dá dúró? Ẹlòmíràn ní, bí a kò bá rà á, owó yìnyín á ga, ẹja á hàn wọ́n, àwọn tí kò jáwọ́ á sì gba oníbàárà wa. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. A jìyàn di alẹ́. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹgbẹ́ ẹja kò ní ra dísù náà mọ́ fún yìnyín tí a jọ ń lò. A ti fi owó kún owó yìnyín láti oṣù méjì sẹ́yìn. Àwọn oníbàárà kan sì ti fi wá sílẹ̀ lóòótọ́.

Èyí ló jẹ́ kí á ní ìgboyà láti sọ ti gbọ̀ngàn yìí. Alága, ẹ má bínú. Kànga ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ gbẹ́ sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ìgbìmọ̀ ti kọ ọ́ sínú ètò pé a ó máa ta omi rẹ̀ fún àdúgbò láti fi rí owó tún ilé ṣe. Àwa tí a tọ́ omi náà wò, òórùn kẹrosíìnì ló ń rùn sí wa nímú. Àwọn kan ní òórùn páìpù tuntun ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí á fi álọ́ọ̀mù sí i. Álọ́ọ̀mù á mú kí omi mọ́ lójú, kò lè yọ oró epo kúrò. Bí a bá wá ta omi yẹn fún ọmọ onílé, tí àrùn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò gbọ́ pé a kò mọ̀?

Nítorí náà, nínú owó tí ẹ ó dá lónìí, kí a tó ra àga kan, ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn fún onílé àti àlejò láti kà. Títí di ìgbà náà, kí a ti ẹ̀rọ náà pa. Àwa ẹgbẹ́ ẹja fi owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì yìí. Akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kà á níṣojú gbogbo wa, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àpò ńlá mẹ́rin wà ní igun àgọ́ fún àwọn ọ̀rá omi tí a bá mu tán. Gọ́tà ẹ̀yìn àgọ́ yìí, inú odò ló ń ṣàn lọ.