Láti SS3 Bọ́ Sí A-Level: Ohun Tí Ojú Àwọn Ọmọ Wa Ń Rí

 

Ìgbìmọ̀ ní kí alukoro sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́. Àwa tí wọ́n mọ̀ mọ́ owó kíkà ní báǹkì ni wọ́n ní ká wá sọ̀rọ̀ ìwé! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ṣì ń gbé fúláàsì oúnjẹ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Lónìí, wọ́n ti ń ṣe WAEC.

Nígbà tiwa, WAEC àti JAMB ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. HSC tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣe ti kógbá wọlé kó tó kàn wá. Ní báyìí, IJMB wà, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí. JUPEB náà dé ní 2013, Yunifásítì Èkó ni olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọmọ á ka sọ́jẹ́ẹ̀tì mẹ́ta fún nǹkan bí ọdún kan. Bó bá yege dáadáa, á gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ní 200 level. Pọ́ìntì 16 ló ga jù: 5 fún A kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 1 tí wọ́n ń fi kún un fẹ́ni tó yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó dùn létí. Ẹgbẹ́ wa sanwó fún ọmọ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ojúgbà wa kan tó fún wa láyè ká sọ ọ́ láìdárúkọ, gba A márùn-ún nínú WAEC. A pàtẹ́wọ́ fún un nípàdé. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tó ṣe níbẹ̀, 27 nínú 100 ló gbà nínú ìṣirò, ó sì fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí èsì ìparí jáde, pọ́ìntì 3 ló ní. Odindi oṣù mẹ́rin ni bàbá rẹ̀ kò fi wá sípàdé. Ojú owó ẹgbẹ́ ló ń tì í. Àwa kan sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ, pé owó wa ti wọgbó. Lónìí, ní gbangba, a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a jókòó ti ọmọ náà, a rí i pé kì í ṣe olódo rárá. Ní SS3, tíṣà ń kọ nóòtì sójú pátákó, wọ́n á dà á kọ, inú nóòtì náà ni ìbéèrè á ti jáde. Sọ́jẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án, díẹ̀ díẹ̀ ló ń bù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbọ́ pé mẹ́ta péré ni, ó rò pé ìsinmi dé. Kò mọ̀ pé kànga ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Olùkọ́ á sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, á dárúkọ ìwé tí wọ́n máa kà, á jáde. Kò ṣe Further Mathematics ní sẹ́kọ́ńdírì, nítorí náà, integration tí àwọn mìíràn ti mọ̀ dunjú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàdé rẹ̀ ni. Kò sì béèrè. Ẹni tó ti ń ṣe ipò kìn-ín-ní láti JSS1, báwo ni yóò ṣe nawọ́ sókè pé kò yé òun?

Àwa òṣìṣẹ́ báǹkì kì í yá oníṣòwò lówó tán ká má yọjú sí ìsọ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ ìsanwó á fi pé. Ohun tí ẹgbẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. A sanwó, a ya fọ́tò, a lọ sílé.

Ọmọ náà ti padà síbẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹgbẹ́ kò ní dá owó ìrànwọ́ náà dúró, bí àwọn kan tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí, ojúgbà wa kan ni yóò máa bẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ìdánwò tó dé. Méjì nínú wa tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì sì ti gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ tó bá parí WAEC ní gbogbo Sátidé, kó tó di pé wọ́n wọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ẹ tó jókòó ti àmàlà.