Kí Ẹ Tó Ra Sítátà Mìíràn

Ọ̀rọ̀ sítátà, ẹ̀rọ kékeré tí ń jí ẹ́ńjìnnì, la fẹ́ bá yín sọ.

Láyé àtijọ́, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú ọkọ̀. Irin náà a máa ta padà, a sì máa ṣẹ́ni lápá. Ní 1912 ni Cadillac ti Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ oní-sítátà iná jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ wa kọ̀ láti jí ní Pen Cinema, l'Ágége, búrẹ́dì kún inú rẹ̀. A yí kọ́kọ́rọ́. Ó ní "kọ́", ó dákẹ́. Ẹnì kan ní sítátà ti bàjẹ́. A fi owó ilé-ìwé ọmọ ra tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀. Wọ́n dè é tán, "kọ́" náà ni! Àṣé wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ni ìpẹtà ti bò. Owó lọ, búrẹ́dì gbẹ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi etí yín ṣiṣẹ́. Bó bá ń ké "ta-ta-ta-ta", bátìrì ni kí ẹ fura sí. Bó bá ń yí "fíííì" tí ẹ́ńjìnnì ò mira, eyín sítátà ni kò gbá eyín ẹ́ńjìnnì mú. "Kọ́" ẹyọ kan ló máa ń rúni lójú.

Ẹ fi jíà sí fíríì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá fẹ́ kú, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì àti orí rẹ̀. Bó bá ṣì mọ́lẹ̀ kedere, ẹ wo sítátà àti wáyà rẹ̀.

Réwáyà tó ní mítà yóò rí i dájú. Bátìrì tó kún ń fi nǹkan bí 12.6 fóòtì hàn. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí ẹ ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ gbé e lọ ṣáàjì ná. Kí ó tún fi ẹnu mítà kan kan orí òdì bátìrì, kí èkejì kan ara sítátà, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ju ìdajì fóòtì lọ, wáyà yẹn ni kí ẹ tún ṣe. Èyí ni a kò ṣe lọ́jọ́ náà!

Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín o: bí irin bá pa orí bátìrì méjèèjì pọ̀, yóò jóni.

Àwọn kan a máa fi sípánà lu sítátà. Lóòótọ́, ó lè jí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bọ́rọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ẹ má gbé èrò mọ́, ẹ wà á lọ sọ́dọ̀ réwáyà. Ẹ ní kó wò ó bóyá bọ́rọ́ọ̀ṣì nìkan la ó pààrọ̀, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi kó èyí tó gbó lé yín lọ́wọ́.